Ìtọ̀ Bàbá Há Ni, Kò Gbẹ

Aago 2 òru ni nọ́ọ̀sì àgbà pè mí. Iṣẹ́ òru ni mo wà, ní ICU, ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, ní ọsibítù kan ní Yaba. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí àìsàn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀rọ ló ń bá wọn mí. Láti aago 8 alẹ́, ìtọ̀ tó gba inú kátítà, rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, wọ inú báàgì wọn ò ju 30 ml lọ. Ẹni 70 kg sì rèé, ó yẹ kó tó 35 ml ní wákàtí kan. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń fọ̀ jáde, ń gòkè. Wọ́n tilẹ̀ ti ní kí àwọn ọmọ máa wá owó dialysis, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀.

"Dókítà, ṣé ká fún wọn ní Lasix?" Oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ̀ dáadáa nìyẹn.

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wò wọ́n ná, ma."

Mo wọ́ ẹ̀rọ scan wá, mo da jẹ́ẹ̀lì sí ìhà ọ̀tún. Ọ̀tún kì í fúnni ní wàhálà, inú ẹ̀dọ̀ la ń gbà wo kíndìnrín. Ó gùn tó 11 cm, kò sún kì. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, torí èyí tó bá ti ń bàjẹ́ bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́ sábà máa ń kéré, á sì funfun. Ti òsì sá sókè, ó tún sá sẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bẹ́ẹ̀dì kí n tó rí i. Inú àárín kíndìnrín kọ̀ọ̀kan, tó yẹ kó funfun, dúdú ló yà síbẹ̀ bí ẹ̀ka igi. Mo tan Doppler, tó máa ń fi àwọ̀ hàn níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ṣàn, àwọ̀ kankan ò yọ, a jẹ́ pé kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi ni, ìtọ̀ tó ń padà sẹ́yìn.

Mo gbé ọwọ́ wá sí abẹ́ ìdodo. Àpò ìtọ̀ kún dẹ́nu! Bálúùnù kátítà wà nínú rẹ̀ róbótó bí òrùka, nǹkan kan tó ṣú dì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wọn ọ́n: 12 × 10 × 9 cm, mo sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.52 tí a fi ń ṣírò ohun tó wà nínú àpò ìtọ̀, ó lé ní 560 ml. Kíndìnrín ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ló dí. Ká ní a ti fún wọn ní Lasix, ṣe là bá máa bu omi kún omi. Láti òru ọjọ́ náà, àpò ìtọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Nọ́ọ̀sì fa omi iyọ̀ sínú sírínjì ńlá, a fi fọ kátítà. Àkọ́kọ́, ó le, kò lọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ dídì kan yọ jáde, ó gùn bí ekòló, ìtọ̀ sì ya lu báàgì. Nígbà tí mo tún wo kíndìnrín ní aago 4, dúdú yẹn ti ń tín-ín-rín.

Ọmọ wọn obìnrin pè láti Ìkòròdú kílẹ̀ tó mọ́.

"Dókítà, ẹ má bínú, a ti rí ìdajì owó dialysis yẹn."

Mo ní a ṣì máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò láàárọ̀, torí àìsàn náà ò tíì lọ. "Ṣùgbọ́n Bàbá ti ń tọ̀, ma. Ẹ má tíì san owó yẹn o."