Ẹ Tọ́jú Ẹ̀yìn Yín Lóko àti Nídìí Gàrí: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onígàrí ní Ìjẹ̀bú òun Rẹ́mọ

Iṣẹ́ pákí kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn sinmi. Ẹ ó lóṣòó fà á tu, ẹ ó jókòó sórí àpótí bó o, ẹ ó tẹ̀ba sídìí agbada din ín, àpò gàrí á sì tún máa dúró dè yín. Ohun tó jẹ wá lógún ni pé kì í ṣe ìwúwo ẹrù nìkan ló ń ṣe ẹ̀yìn léṣe. Àsìkò tí ẹ gbé e, àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí ẹ tó gbé e, wà níbẹ̀.

Ẹ̀yìn àárọ̀

Eegun 24 ló ń tẹ̀ tó ń yí láti ọrùn dé ìbàdí: 7 lọ́rùn, 12 lẹ́yìn àyà, 5 níbàdí. Tìmùtìmù olómi wà láàárín púpọ̀ nínú wọn, iṣan tó yi ló sì so wọ́n pọ̀. Bí a bá wà lórí ìdúró tàbí tí a ru ẹrù, omi inú tìmùtìmù á máa fún jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sùn, á padà. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi ń ga láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ, ó tó sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2. Ṣùgbọ́n tìmùtìmù tó wú yìí ló ń mú kí ẹ̀yìn gan láàárọ̀. Ẹni tó bá fipá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà ń ni ín lára ju ti ọ̀sán lọ gan-an. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbá àgbàlá ní kété tí ẹ jí. Ẹ kọ́kọ́ rìn, kí ó tó bíi wákàtí kan.

Ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ pẹ́

Ibí ni ọ̀pọ̀ ń kó sí. Ẹ wo ìyá kan nídìí agbada: àfọ́ igbá lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń tẹ gàrí, ó ń wọ́ ọ. Èéfín ń fẹ́ sí i lójú, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yìn kò tẹ̀ nìkan mọ́, ó ti lọ́. Bó ṣe ń pẹ́ ni iṣan tó so eegun pọ̀ ń nà, tí oríkèé ń dẹ̀. Kì í sì í padà sípò ní kété téèyàn bá dìde. Àtipadà rẹ̀ ń pẹ́ ju àkókò tí a fi tẹ̀ ẹ́ lọ. Oníbàárà dé, ìyá dìde fùú, ó gbé àpò. Oríkèé tó ti dẹ̀ ló fi gbé e yẹn o!

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá dìde nídìí agbada tàbí nídìí oko ríro, ẹ fọwọ́ lé ìbàdí, ẹ rọra nà sẹ́yìn, ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, tàbí kí ẹlòmíì gbé àpò náà. Ẹ mọ ààrò ga sí i, kí ẹ sì yí ibi tí èéfín ń gbà jáde kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń din ín. Àpótí tó ga díẹ̀ dára fún bíbó pákí.

Gbígbé ẹrù

Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Ulm, ní Jámánì, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi irinṣẹ́ tín-ín-rín wọn ìfúnpá inú tìmùtìmù ìbàdí ọkùnrin kan. Ó tẹ ẹ̀yìn gbé kílò 20, ìfúnpá náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 5 ti ìgbà tó dúró lásán. Nígbà tó tẹ orúnkún gbé e, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po 3. Nígbà tó gbé e mọ́ àyà, kò ju bí ìlọ́po 2 lọ. Ẹnì kan péré ni wọ́n wọ̀n, àmọ́ ẹrù kan náà ni. Nítorí náà, ẹ tẹ orúnkún, kí ẹ sì gbá àpò mọ́ra.

Ẹrù orí ń fún oríkèé ọrùn pọ̀, ọrùn kì í sì yí dáadáa lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lo òṣùká. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi yí.

Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ púpọ̀ kì í wò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣe é dá dúró mọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ra á. Ẹ gbé aláìsàn náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣágámù.