Wáyà RS-485 mi ń ṣàṣìṣe: ohun tó tán an rèé

RS-485 ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ púpọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí wáyà kan. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni mo so mọ́ wáyà kan tó gùn tó 150 mítà, ní ìyára 115200 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdáhùn ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe CRC (àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ bàjẹ́ lọ́nà) kò jẹ́ kí n sinmi. Mo pààrọ̀ wáyà, mo ra adápítọ̀ mìíràn, owó gbé. Ìgbà tí mo dín ìyára kù sí 9600 ni àṣìṣe lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fura: àmì tó bá dé òpin wáyà ń ta padà bí ohùn inú kànga, ó sì ń da èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn rú.

Mo wá fi resistor 120 ohm (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, kó lè gba àmì náà mọ́ra kó má baà ta padà. Ló bá tún burú sí i! Mo pa iná, mo fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn láti A sí B, okùn méjèèjì inú wáyà náà: 30 ohm, ìyẹn 120 tí a pín sí mẹ́rin. Àṣé orí àti ìdí wáyà nìkan ló yẹ kó ní in. Mo yọ méjì àárín, mítà ka 60, mo dá ìyára padà sí 115200. Ọjọ́ mẹ́ta rèé, kò tíì sí àṣìṣe kan.

Iye ohm resistor gbọ́dọ̀ bá ti wáyà fúnra rẹ̀ mu, wáyà tiyín sì lè má jẹ́ 120 ohm o. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò.