Bí mo ṣe fi Python to fáìlì mi, títí kan ẹ, ọ àti ṣ

Inú fódà kan ṣoṣo ni mo kó gbogbo wọn sí: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí orúkọ wọn parí sí .txt, àti àtẹ dátà tí tiwọn parí sí .csv. Mo fẹ́ ya oríṣi méjèèjì sọ́tọ̀, kí n sì to ohun tó wà nínú wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lè ṣe é, torí àwọn irinṣẹ́ tí mo lò, ìyẹn pathlib, shutil, csv àti unicodedata, ti wà nínú Python fúnra rẹ̀.

Ìyàsọ́tọ̀ kò pẹ́ rárá. Script náà, ìyẹn àwọn àṣẹ tí mo kọ, ń fi .suffix.lower() wo ìparí orúkọ fáìlì, kí .CSV àti .csv lè jẹ́ ọ̀kan náà lójú rẹ̀, shutil.move á sì gbé e lọ sí fódà tó yẹ. Àmọ́ mo kọ́kọ́ jẹ́ kó fi print sọ ibi tó fẹ́ gbé fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ, láì tíì gbé ohunkóhun. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o: bí fáìlì kan bá ti ń jẹ́ orúkọ yẹn níbi tí ẹ ń gbé e lọ, tuntun lè gorí rẹ̀, ti tẹ́lẹ̀ á sì pòórá.

Ó kan .csv. Mi ò fi kọ́mà gé ìlà lásán, torí kọ́mà lè wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi àmì ìfàyọ yí ká, csv.reader mọ ìyàtọ̀. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ló ka gbogbo nǹkan sí, títí kan òǹkà. Nítorí náà 100 á ṣáájú 25, torí pé 1 ló ṣáájú 2. Mo fi next() yọ ìlà àkọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá lo sorted, irinṣẹ́ ìtò Python (iwe ni ohun tí csv.reader kà, r[2] ni òpó kẹta, int sì sọ ọ́ di òǹkà):

ila = sorted(iwe, key=lambda r: int(r[2]))

Ọjọ́ kò ní wàhálà bí wọ́n bá kọ ọ́ bí 2024-03-09, torí ọdún ló ṣáájú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Nọ́ńbà tí Unicode fún lẹ́tà ni sorted ń wò: 122 ni z, 7779 ni ṣ, 7865 ni ẹ, 7885 ni ọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ wá lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn w àti y. Mi ò lè gba ìyẹn. Ábídí wa ní ètò tirẹ̀, gb sì jẹ́ lẹ́tà kan gedegbe. Ohun tí mo kọ nìyí:

abidi = "abdeẹfgGhijklmnoọprsṣtuwy"

def ipo(oro):
    o = unicodedata.normalize("NFD", oro.lower())
    o = o.replace("\u0300", "").replace("\u0301", "")
    o = unicodedata.normalize("NFC", o)
    o = o.replace("gb", "G")
    return [abidi.find(l) for l in o]

NFD tú lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sọ́tọ̀, a yọ àmì ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, NFC sì dá àmì abẹ́ lẹ́tà padà sára rẹ̀. G ńlá dúró fún gb, torí lower() ti sọ gbogbo lẹ́tà yòókù di kékeré. Àmì ohùn inú fáìlì kò yí padà, kìkì ètò ni ipo ń bójú tó.

Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á wá ní ipò kan náà. Ọ̀nà ìtò tí sorted ń lò, èyí tí Tim Peters, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ Python, ṣe ní 2002, kì í da ohun tó bá dọ́gba rú, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú fáìlì ni wọ́n á ṣe wà. Mo fẹ́ kí wọ́n máa tò bákan náà nígbà gbogbo, mo sì lo key=lambda w: (ipo(w), w).

Fáìlì tuntun ni mo kọ àbájáde sí, pẹ̀lú encoding="utf-8" kí ẹ, ọ àti ṣ má bàa bàjẹ́, mo sì jẹ́ kí script fi len ṣe ìfiwéra iye ìlà tó wọlé àti èyí tó jáde kó tó parí.