Ohùn kọ̀ǹpútà yín ń kùn, àbí ó ń fọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Lọ́dọ̀ àwa tí à ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹni tí ohùn ẹ̀rọ rẹ̀ kò bá dáa, káàdì ohùn tuntun ló máa kọ́kọ́ béèrè. Nígbà mìíràn, ó tọ̀nà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orí bíbẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi wo orí fífọ́. Inú fáìlì ni ohùn ti ń bọ̀, á gba Windows kọjá, á gba káàdì ohùn (ibi tí nọ́ńbà inú fáìlì ti ń di ohùn) àti wáyà kó tó dé spíkà. Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti bàjẹ́ ká tó náwó. Irú ìbéèrè tí wọ́n máa ń gbé wá nìyí.

Ìbéèrè (Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọjà Ouando): Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra spíkà oníná méjì sí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi. Bí mo bá ti ki ṣájà bọ iná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí mo bá yọ ṣájà, wọ́n á dákẹ́. Ṣé káàdì ohùn ló bàjẹ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Bó bá jẹ́ káàdì ohùn ló bàjẹ́, yíyọ ṣájà kò ní wò ó sàn. Iná ló ń kùn. Iná tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, 220 fólítì ni, ó sì ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba ojú iná kan, tí spíkà gba òmíràn, tí wáyà ohùn sì tún so àwọn méjèèjì pọ̀, iná kékeré kan á rí ọ̀nà yí po láàárín wọn. Òun ni spíkà ń gbé sókè tí ẹ fi ń gbọ́ "hùùùn" yẹn.

Ẹ so fóònù tí kò sí lórí ṣájà mọ́ spíkà náà. Bó bá ṣì ń kùn, ẹjọ́ spíkà nìyẹn, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Bí kò bá kùn, ẹ ki kọ̀ǹpútà àti spíkà bọ inú rallonge (wáyà iná olójú púpọ̀) kan ṣoṣo, kí ẹ sì gbé wáyà ohùn jìnnà sí wáyà iná. Ó sábà máa ń tó.

Ẹ tún wo ojú iná ilé yín dáadáa. Irú ti Faransé tí à ń lò níbí ní irin kékeré kan tó yọ síta lókè ihò méjèèjì. Irin yẹn ni ti ilẹ̀ (earth), tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀. Ilé wà tí irin náà dúró gangan níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò sí wáyà kankan lẹ́yìn rẹ̀! Oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè fún ìyẹn. Ẹlòmíràn á sọ fún yín pé kí ẹ fi nǹkan dí ti ilẹ̀ kí ìkùn lè lọ. Á lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí iná bá jò sára ẹ̀rọ, ara yín ló máa gbà á. Tí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, ohun kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní ground loop isolator. Àárín wáyà ohùn ni wọ́n ń so ó mọ́. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù máa ń jẹ díẹ̀ lára ohùn ìsàlẹ̀ (bass), ṣùgbọ́n ìkùn á dákẹ́.

Ìbéèrè (Ṣábẹ̀ẹ́): Olùkọ́ ni mí. Bí mo bá ki íàpíìsì bọ iwájú kọ̀ǹpútà orí tábìlì wa, mò ń gbọ́ "ṣíì", bí mo bá sì mi máùsì, ó ń ta kẹ́kẹ́kẹ́. Ẹnì kan ní kí n ra káàdì ohùn USB, ẹlòmíràn ní owó ṣòfò ni.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́. Ẹ kọ́kọ́ lo ihò aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbé ohùn wá sí ihò iwájú, ó sì ń gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo ohun tó ń pariwo nínú àpótí náà kọjá. Ẹ nu ẹnu wáyà pẹ̀lú. Eruku ọyẹ́ Ṣábẹ̀ẹ́ kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ohùn Windows sókè dáadáa, bó bá sì jẹ́ spíkà ni ẹ so mọ́ ọn, kí ẹ wá dín in kù lára spíkà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ṣe é sódì, ariwo ni spíkà máa gbé sókè fún un. Nínú ètò ohùn Windows, "Son", ẹ pa gbogbo ohun tó wà lábẹ́ "Améliorations".

Tó bá ṣì ń ta, ẹ ra USB náà, kì í ṣe owó ṣòfò. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ibi tí nọ́ńbà ti ń di ohùn á kúrò nínú àpótí aláriwo yẹn, á bọ́ síta. Ṣùgbọ́n ẹ má san owó nítorí 192 kHz (iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí. Orin CD kò ju 16 bit (bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó) àti 44.1 kHz lọ, etí ènìyàn kò sì gbọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ju bíi 20 kHz lọ. Bó sì jẹ́ MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀ jù ni ẹ ń gbọ́, kò sí káàdì tó lè dá ohun tí wọ́n ti gé sọnù padà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí mo ti so tẹlifíṣọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà, spíkà mi kò dún mọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò, HDMI, wáyà tó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ kọ̀ǹpútà, ti gba ohùn lọ sínú tẹlifíṣọ̀n. Tẹ àmì spíkà tó wà nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí o sì tún yan spíkà rẹ.

Ìbéèrè (Kétu): À ń gba orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sílẹ̀. Láti ara míkísà ni mo ti fa wáyà wọ ihò máìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká. Bí ìlù bá ti wọlé, ohùn á fọ́ yánkanyànkan.

Ìdáhùn: Míkísà ń tú bíi fólítì kan jáde, bí a bá sì pín fólítì kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ni ihò máìkì ń retí. Kò sí bí kò ṣe ní fọ́. Ohun tí ẹ nílò ni ihò "line", èyí tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ búlúù sàmì sí lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká púpọ̀ kò ní in, nítorí náà, níhìn-ín ni mo ti fọwọ́ sí káàdì ohùn USB láìjanpata. Ẹ ṣáà rí i pé ihò "line in" wà lára rẹ̀, nítorí ti máìkì nìkan ló wà lára àwọn kékeré tó kún ọjà.

Ẹ gbà á sílẹ̀ ní 24 bit, 48 kHz. Kí ìlù tó le jù má kọjá -12 dB lórí òṣùwọ̀n ohùn (0 ni ibi tó ti ń fọ́) nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, torí kò sí onílù tó ń lu ìlù pẹ̀lẹ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibi tó bá fọ́ nígbà gbígbà, ó fọ́ títí láé nìyẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 2001, ohùn Ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kò yẹ ní ohun tí a ó fi ihò máìkì bà jẹ́.

Ìbéèrè: Spíkà mi dára, wáyà dára, síbẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ń dún gbùù, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ olórin.

Ìdáhùn: Ẹ gbé wọn kúrò ní igun yàrá. Igun máa ń sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ńlá ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé wọn sókè dé ibi tí etí yín wà tí ẹ bá jókòó, kí àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà láàárín wọn àti yín. Bí ilẹ̀ yàrá bá jẹ́ símẹ́ǹtì lásán, ẹ tẹ́ ẹní sí i.