Kọ́míìkì olójú-ìwé mẹ́jọ tí èmi àti ayàwòrán kan jọ ṣe l'Abẹ́òkúta

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Èwo gan-an nínú gbogbo èyí lẹ fẹ́ kí n yà?"

Ohun tí ọmọkùnrin ayàwòrán náà kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, lẹ́yìn tó ka àpótí àkọ́kọ́ (ìyẹn ilé onígun mẹ́rin tí wọ́n máa ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí) nínú script, ìwé tí mo fi to ìtàn náà sílẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyá àgbà dìde, ó ṣí ìkòkò aró, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ, ó lọ sá a sórí okùn." Lójú tèmi, gbólóhùn kan péré ni. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ márùn-ún ni, inú ilé onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ kó kó gbogbo rẹ̀ sí. Ohun tí ìyá náà ń ṣe lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú kan náà ni àpótí kan lè gbà. Àlàfo funfun tó wà láàárín àpótí méjì ni ìyókù máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹni tó ń kà á ló sì máa fi ojú inú rẹ̀ parí rẹ̀.

Ìtàn kúkúrú ni mo mọ̀ ọ́n kọ tẹ́lẹ̀, n kò kọ kọ́míìkì, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ, rí. Ìtàn tí mo ní lọ́wọ́ kò le: ọmọdé kan ń kánjú, ó lọ ṣí ìkòkò aró ìyá ìyá rẹ̀ kí aró náà tó ṣe tán. A pinnu pé ojú-ìwé mẹ́jọ ló máa jẹ́, dúdú àti funfun, torí owó tí wọ́n ń gbà láti tẹ àwọ̀ kì í ṣe kékeré.

Mo tún un kọ. Bí ojú-ìwé kejì ṣe wá bẹ̀rẹ̀ nìyí:

OJÚ-ÌWÉ 2, ÀPÓTÍ 1. Ẹ̀yìnkùlé, òwúrọ̀. Ìkòkò aró mẹ́ta, ẹní ni wọ́n fi bo ẹnu wọn. Ọmọ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń wò wọ́n. Kò sí ọ̀rọ̀.

ÀPÓTÍ 2. A sún mọ́ ọn. Ìka ọmọ náà ti kan etí ẹní. ÌYÁ ÀGBÀ (a ò rí i): Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?

Ó rí bí ohun tí kò ní adùn, àbí? Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ẹnì kan péré ni script ń bá sọ̀rọ̀, ẹni náà sì ni ayàwòrán. Níbi tí mo ti kọ pé "ọkàn rẹ̀ pòrúurùu," ó ní, "Ojú ẹ̀ ńkọ́? Ọwọ́ ẹ̀ ńkọ́?" Mo bá pa ọkàn rẹ́, mo kọ pé ọmọ náà ń jẹ èékánná. Ṣùgbọ́n mo tún ṣe àṣejù lápá kejì. Mo kọ bí ìyá ṣe wé gèlè, mo kọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀, mo kọ ibi tí òòrùn ti ń yọ. Ayàwòrán dákẹ́ fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo pè é, ó ní bí mo bá fẹ́ ẹ̀rọ, kí n ra ẹ̀rọ. Mo gbà fún un. Ohun tí ìtàn ò lè dúró láìsí ni mo ń kọ sílẹ̀ báyìí. Gèlè di tirẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni ọjọ́ tí mo lọ bá a nílé ní Lafẹ́nwá. Ó mú bébà A4 méjì, ó ká wọn sí méjì, ó ki ọ̀kan bọ inú èkejì: ojú-ìwé mẹ́jọ pé. Ó fi bírò kọ nọ́ńbà sí wọn, ó ní kí n máa ṣí i bí ẹni ń ka ìwé. Ojú-ìwé 1 dá wà níwájú. 2 àti 3 kọjú síra wọn, 4 àti 5 bẹ́ẹ̀, 6 àti 7 bẹ́ẹ̀, 8 wà lẹ́yìn. Ojú-ìwé 5 ni mo gbé àṣírí ìtàn mi sí, níbi tí aṣọ náà ti pàwọ̀ dà. Bí mo ṣe ṣí bébà náà sí 4, ojú mi ti bọ́ sórí 5. Àṣírí kankan ò sí mọ́! Àṣírí ìtàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ibi tí ọwọ́ ti máa ń ṣí ìwé, ìyẹn ojú-ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ bá pín sí méjì dọ́gba. A gbé e lọ sí 6.

Bí a ṣe ń tún àwọn ojú-ìwé tò, a rí i pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ kúrò níwájú. Olúmọ ló lọ. Ojú-ìwé 1 odidi ni mo ti fún àpáta náà, torí kò sí ẹni tó ń ya Abẹ́òkúta tí kì í ya Olúmọ. Ayàwòrán kàn bi mí pé, "Ṣé ó máa sọ̀rọ̀ ni?"

Àwa méjèèjì lọ sí Ìtòkú láti lọ wo àwọn aládìrẹ lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti ń kọ nípa aró láti oṣù méjì, n kò sì mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀. Màmá kan fa aṣọ jáde nínú ike aró, aṣọ náà kò dúdú, ewé tútù ló jọ. Ó nà án sókè. Afẹ́fẹ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú wa. Afẹ́fẹ́ ló ń parí iṣẹ́ náà, kì í ṣe inú ìkòkò. Àṣírí ojú-ìwé 6 yí padà lójú ẹsẹ̀: ọmọ náà á fa aṣọ yọ, á rò pé òun ti ba aró ìyá jẹ́, á bú sẹ́kún, lẹ́yìn náà aṣọ á wá máa dúdú lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo la ṣe máa fi èyí hàn nígbà tí kò sí àwọ̀? Ayàwòrán ló wá ọgbọ́n rẹ̀. Ó ya àpótí mẹ́ta, aṣọ kan náà, ọwọ́ kan náà: nínú ti àkọ́kọ́, aṣọ ṣófo, nínú ìkejì, ó fa ìlà wẹ́wẹ́ sí i, nínú ìkẹta, ó dúdú kirikiri. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan síbẹ̀. Ìpinnu tó dára jù tí mo ṣe nìyẹn.

Ojú-ìwé 7, mi ò kọ àpótí rẹ̀ rárá. Mo kọ ìlà mẹ́rin nípa ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yà á bó ṣe wù ú, èmi wá fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Bí Stan Lee, òǹkọ̀wé kọ́míìkì, ṣe ń bá àwọn ayàwòrán rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Marvel, ilé-iṣẹ́ kọ́míìkì kan l'Amẹ́ríkà, láyé ọdún 1960 sí 1969 nìyẹn. Ó yá, ó sì dùn, àmọ́ ẹ má dán an wò pẹ̀lú ẹni tí ẹ ò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Ìdajì kó tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tó parí, àtúnṣe ẹ̀ẹ̀mejì, lórí pẹ́ńsù nìkan, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti fi yíǹkì sí i. A kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i. A tún kọ pé àwa méjèèjì la jọ ni ín, torí lábẹ́ Copyright Act 2022 ti Nàìjíríà, ẹni tó ya àwòrán ló ni ín bí mo tilẹ̀ sanwó, àyàfi tí àdéhùn tí a kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

Lẹ́tà ló fẹ́ pa wá. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Ayàwòrán rí fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé) kọ́míìkì ọ̀fẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́tà ńlá ńlá, ó rẹwà. Ìyá àgbà ní kí ọmọ mú ọkọ́ wá kó fi kó eérú. Fọ́ǹtì náà gbé àmì jẹ, ó gbé kíńkín ìsàlẹ̀ jẹ, ó kọ MU OKO WA. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ìdí tí mo fi pariwo. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì mọ é, wọ́n mọ ẹ, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní àyè tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè. Ẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ, wọn yóò wá gbé àmì lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìlú tí míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá ní ọdún 1859 rèé o! A dán fọ́ǹtì mìíràn, Noto Sans, wò. Gbogbo àmì pé, ṣùgbọ́n ó le gbagidi bí ìwé inú páálí oògùn.

Ayàwòrán bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Èmi tẹ ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan jáde, mo fi bírò pupa fi àmì sí i, ó ń wò ó kọ. Ibẹ̀ la ti rí i pé àmì ohùn ìlà kejì ń forí gbá kíńkín abẹ́ ọ tó wà ní ìlà kìíní. A fẹ àlàfo àwọn ìlà, ilé ọ̀rọ̀, ìyẹn àyè funfun tí a kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí, wá tóbi, ó sì bo orí ìyá àgbà mọ́lẹ̀ lójú-ìwé 3. Àfi kí n gé ọ̀rọ̀. Ogún ọ̀rọ̀ ni mo fi ṣe òdiwọ̀n, èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo pín in sí méjì tàbí kí n pa á rẹ́. Ìyá àgbà tí ń fọ́nnu tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àádọ́ta la tẹ̀. Mo mú ọ̀kan lọ fún màmá tó jẹ́ ká wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìtòkú. Ó ṣí i, ó dé ojú-ìwé 6, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín.

"Aláró wo lọwọ́ ẹ̀ funfun báyìí?"

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ló wọ̀ lọ́jọ́ tí a lọ wò ó. Ó ní nígbà ti ìyá òun, aró kì í ṣí lọ́wọ́ wọn, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí ayàwòrán lórí WhatsApp nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà. Ó fèsì kí n tó dé Pánṣẹ́kẹ́: "Àǹtí, ọwọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀?" Mo ka ọwọ́ ìyá àgbà láti ojú-ìwé 1 dé 8. Mọ́kànlélógún.