Ariwo dífúrẹ́ńṣà: bí a ṣe ń wá orísun rẹ̀ àti bí a ṣe ń tún un tò nílé

Kí ẹnikẹ́ni tó fi spánà kan dífúrẹ́ńṣà ọkọ̀ rẹ̀, ìyẹn àkójọ gíà tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún wíìlì méjèèjì, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá a lójú pé ibẹ̀ ni ariwo náà ti ń wá, nítorí pé táyà tó jẹ lọ́nà àìdọ́gba àti béárìn wíìlì tó ti gbó máa ń pariwo tó jọ ti dífúrẹ́ńṣà débi pé àgbà mẹkáníìkì pàápàá lè ṣì wọ́n mú. Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn nínú àlàyé yìí ni èyí tí wíìlì ẹ̀yìn ń tì, irú bíi bọ́ọ̀sì Hiace tó ń ná Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó tàbí Hilux tí àwọn àgbẹ̀ fi ń kó ẹrù, tó jẹ́ pé odidi orí dífúrẹ́ńṣà ni a lè fà yọ láti iwájú ilé àsùlù, irin ńlá tó so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀.

Ẹ wa ọkọ̀ náà jáde ní kùtùkùtù, kí ẹ pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù, kí ẹnìkan tí etí rẹ̀ dá ṣáká sì jókòó sẹ́yìn. Ẹ gba ojú ọ̀dà tó dán, bóyá láti Ìpẹ́rù lọ sí Òdè-Rẹ́mọ, kí ẹ sì tún gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Bí ariwo náà bá ń yí padà bí ojú ọ̀nà ti ń yí padà, táyà ni. Ariwo dífúrẹ́ńṣà kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀dà àti ilẹ̀. Bí ó bá ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá rọra darí ọkọ̀ sí apá kan, tó sì ń dín kù nígbà tí ẹ bá darí rẹ̀ sí apá kejì, béárìn wíìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ́tí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ yín ti ń tẹ tọ́tù (ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) tó sì ń kúrò lórí rẹ̀. Ariwo tó ń hu nígbà tí ẹ bá tẹ tọ́tù, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, sábà máa ń wá láti ojú eyín kíráùn, gíà ńlá róbótó inú dífúrẹ́ńṣà, àti ti píníọ̀nù, gíà kékeré tó ń yí i. Èyí tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ ni ó ń hu, nọ́ọ̀tì píníọ̀nù tó ti dẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àti béárìn tí nọ́ọ̀tì náà ń fún pọ̀. Bí ó bá ń kùn láìdáwọ́ dúró, béárìn ni, ìró rẹ̀ ni yóò sì sọ èwo nínú wọn. Nínú dífúrẹ́ńṣà tí kíráùn rẹ̀ ní eyín 41, tí píníọ̀nù rẹ̀ sì ní 10, píníọ̀nù yóò yí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ kí wíìlì tó yí ẹ̀ẹ̀kan, nítorí náà ni ohùn béárìn píníọ̀nù ṣe máa ń tínrín, tí ti béárìn ẹ̀gbẹ́ kíráùn sì máa ń kùn nísàlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí kọ́nà nìkan ni ẹ ti ń gbọ́ ọ, ẹ wo àwọn gíà kéékèèké tó wà láàárín, nítorí pé ìgbà tí wíìlì kan bá ń sáré ju èkejì lọ nìkan ni wọ́n ń yí lórí irin wọn. Ní ti ìró "gbàà" tó ń dún nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra, kírọ́ọ̀sì pùrópẹ́là, ìyẹn oríkèé irin gígùn tó ń gbé agbára wá sí dífúrẹ́ńṣà, ni kí ẹ gbọ̀n wò kí ẹ tó dá ẹlòmíràn lẹ́bi.

Ọ́ìlì ni ẹlẹ́rìí tó kù. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ihò òkè tí a fi ń rọ ọ́ ṣáájú ti ìsàlẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá da ọ́ìlì nù tán kí ó tó rí i pé ti òkè kò ṣeé tú ti há ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Irin lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ mọ́ màgínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àrùn. Èyí tí ìka lè ṣà ní ẹyọ ẹyọ ni àrùn. Bí ọ́ìlì bá ní àwọ̀ wàrà, omi ti wọlé, ó sì sábà máa ń jẹ́ ní àkókò òjò, nígbà tí àsùlù gbígbóná bá kó sínú àgbàrá tí ihò èémí rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí tí páìpù rẹ̀ ti já. Bí ẹ bá sì rí lẹ́búlẹ́bú pákó nínú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ẹni tó ta ọkọ̀ náà ti fi í pa ariwo dífúrẹ́ńṣà lẹ́nu mọ́ kó tó tà á fún yín. Kò sì wọ́n ní agbègbè wa, níbi tí ilé ìrẹ́pákó wà láti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sísàlẹ̀. Gíríìsì tí àwọn kan ń pò mọ́ ọ́ìlì kò sàn jù ú lọ, nítorí kì í ṣàn dé ọ̀dọ̀ béárìn iwájú píníọ̀nù.

Yíyọ rẹ̀ kò le. Ẹ fi òkúta dènà wíìlì iwájú, ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé ìdúró irin méjì, nítorí jáàkì nìkan kò tó ohun tí ènìyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sàmì sí ibi tí pùrópẹ́là ti pàdé dífúrẹ́ńṣà, kí ẹ fa ṣáàfù méjèèjì, irin tó ń yí wíìlì, síta, kí ẹni méjì sì jọ gba orí náà sílẹ̀, torí ó wúwo.

Kí ẹ tó tú béárìn kankan, ẹ wọn àyè tó wà láàárín eyín kíráùn àti ti píníọ̀nù. Dial gauge, irinṣẹ́ olójú bí aago tó ń wọn ìṣípòpadà kékeré, ni a fi ń wọ̀n ọ́n, ẹ sì lè yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ irin lórí ẹ̀rọ. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, 0.13 sí 0.18 mìlímítà ni ó yẹ kó jẹ́, ẹni tó bá sì sọ pé òun lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ẹ fi irin tẹ àmì sára ìdérí béárìn apá òsì àti ti ọ̀tún, nítorí wọn kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn láé, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo ṣíìmù, àwọn irin pẹlẹbẹ tí a fi ń ṣètò àyè, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ti yọ wọ́n. Bí eyín kan bá ti kán tàbí tí ojú rẹ̀ ti jẹ dòǹgòdòǹgò, kíráùn àti píníọ̀nù ni ẹ máa rà pọ̀, nítorí ilé iṣẹ́ ti lọ̀ wọ́n mọ́ra wọn. Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n fín sára méjèèjì. Bí nọ́ńbà náà kò bá bára mu, ẹ má san owó. Ẹ ka eyín pẹ̀lú, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ń fi wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tì, nítorí ti iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Láti wọ kíráùn sí ìjókòó rẹ̀, ẹ rì í sínú omi tó ń hó, ẹ nù ún gbẹ kíá, kí ẹ sì gbé e lé e. Yóò jókòó láìjẹ́ pé ẹ lù ú. Ẹ fi béárìn tuntun sára píníọ̀nù pẹ̀lú ṣíìmù àtijọ́ fún ìbẹ̀rẹ̀, àti rọ́bà síìlì tuntun. Nínú àwọn dífúrẹ́ńṣà tó ń lo irin róbótó tí ń wó pọ̀ láàárín béárìn méjèèjì, tuntun ni ẹ gbọ́dọ̀ lò. Ẹ máa mú nọ́ọ̀tì le díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi torque wrench kékeré, spánà tó ń fi agbára yíyí hàn, wọn agbára tó ń yí píníọ̀nù títí yóò fi dé iye tí ìwé ọkọ̀ yín sọ. Ti béárìn tuntun máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti àlòkù. Bí ẹ bá mú un le jù, dídẹ nọ́ọ̀tì padà kò ní tún un ṣe. Irin róbótó mìíràn ni ẹ máa rà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kánjú ni ibi tó kàn yìí, ibẹ̀ gan-an sì ni ariwo ti ń padà wá. Ẹ kun eyín kíráùn mẹ́rin pẹ̀lú ọ̀dà àmì, ẹ fi ọwọ́ dí kíráùn díẹ̀ kó lè nira, kí ẹ yí i síwá sẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tí ọ̀dà ti pa rẹ́. Àárín ojú eyín ni ó yẹ kó wà. Bí ó bá lọ sí góńgó òkè eyín, píníọ̀nù jìnnà sí kíráùn, ṣíìmù tó nípọn jù ni ẹ máa fi sí i. Bí ó bá lọ sí ìdí eyín, èyí tó fẹ́lẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ ṣíìmù, ẹ gbọ́dọ̀ tún àyè àárín eyín wọ̀n, kí ẹ sì fi nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tún un ṣe: bí ẹ bá dẹ ti apá kan, iye kan náà ni kí ẹ fi mú ti apá kejì le, kí ìfúnpọ̀ béárìn má baà yí padà. Ó lè gba ọ̀sán kan gbáko, ẹ jẹ́ kó gbà á.

Ọ́ìlì gíà tí wọ́n kọ GL-5 sí lára ni ẹ máa rọ, èyí tí nọ́ńbà ìki rẹ̀ jẹ́ 80W-90 tàbí 85W-90, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, títí yóò fi máa ṣàn padà láti ihò òkè. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ láìgbé ẹrù fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún wà á. Ẹ yẹ ọrùn píníọ̀nù wò bóyá ọ́ìlì ń jò, kí ẹ sì da ọ́ìlì yìí nù, kí ẹ rọ òmíràn, nígbà tí ọkọ̀ bá ti rìn tó 800 kìlómítà.