Ẹ́ẹ̀tì ló gbé owó mi lọ: àtúnṣe wáyà ilé àtijọ́ kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, Òṣogbo

Mo ṣírò pé ẹ́ẹ̀tì ilé yìí, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kò ní gbà ju ọ̀pá kan àti iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà. Mo san owó èèyàn méjì tó gbẹ́ ilẹ̀, mo háyà ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo ra bàbà tí mi ò fi sínú ìṣirò rárá. Àpapọ̀ rẹ̀ ju owó gbogbo wáyà 2.5mm tó wà nínú ilé náà lọ. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí ká ní mo ti wọn ilẹ̀ kí n tó ra kọ́ìlì wáyà kan ṣoṣo, èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn ni kò ní jáde.

Ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ni, yàrá mẹ́jọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ láàárín. Wáyà rẹ̀ jẹ́ ti ayé ìgbà tí wọ́n máa ń kan pákó pẹlẹbẹ mọ́ ògiri kí wọ́n tó fi kílíìpù tẹ wáyà mọ́ ọn. Rọ́bà ni ara rẹ̀, òwú ló bò ó. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, kọ́pà á yọ síta. Mo fi megger, ẹ̀rọ tó ń wò bóyá iná ń jò lára wáyà, wọ̀n ọ́n ní 500 fóòtì: mẹ́gáóòmù 1 ló kéré jù tó yẹ kó fún mi, ìlà iná ilé ìdáná fún mi ní 0.04. Nínú àpótí fíúsì, wọ́n ti yọ wáyà fíúsì kúrò, wọ́n fi ẹyọ wáyà tó nípọn dípò rẹ̀, kó má baà jó mọ́. Wáyà ara ògiri ló wá di ohun tí yóò kọ́kọ́ jó.

Èyí tó burú jù wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ihò kẹta, níbi tí ẹ́ẹ̀tì yẹ kó wà, wọ́n ti fi wáyà kúkurú so ó mọ́ níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà. Ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí níútírà bá já lórí òpó, tàbí tí ẹni tó ń so iná padà bá ṣèèṣì gbé láìfù, wáyà tó ń gbé iná wọlé, sí ipò níútírà, ara fíríìjì àti ara áyọ́ọ̀nù ti di 230 fóòtì nìyẹn. Òṣogbo yìí ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Kò yẹ kí ilé kan ṣoṣo nínú ìlú náà máa fi níútírà ṣe ẹ́ẹ̀tì.

Fífa wáyà àti ríri àpótí mọ́ ògiri, gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Mo lo 1.5mm fún iná pẹ̀lú bírékà áńpù 6, 2.5mm fún sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bírékà 20, 4mm fún ẹ̀rọ amúlétutù pẹ̀lú bírékà 25. Ògiri amọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n gbẹ́ òun. Ìṣùpọ̀ ńlá ló máa ń bọ́, nítorí náà mo lo trunking, ọ̀pá ike oníhò tí wáyà ń gba inú rẹ̀ lójú ògiri, ní ibi tó pọ̀ jù. Ohun kan péré ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ nípa wáyà: ẹ fi ọ̀bẹ ha kọ́pà rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Mo sọ fún ìyá tó ń tajà pé, “Ẹ má bínú, ìyá, ẹ jẹ́ kí n ha á wò,” kọ́ìlì àkọ́kọ́ sì funfun nínú. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í gbé iná tó kọ́pà tó ní ìwọ̀n kan náà ń gbé, orí rẹ̀ sì máa ń tú lábẹ́ ìdè títí tí sọ́kẹ́ẹ̀tì yóò fi yọ́. Ìyá náà pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìjiyàn. Kọ́ìlì mìíràn tí wọ́n kọ mítà 100 sí lára jẹ́ mítà 87 nígbà tí mo tú u.

Ẹ́ẹ̀tì ló wá kù.

Ilé náà ní ẹ́ẹ̀tì láyé àtijọ́. Wọ́n so ó mọ́ páìpù irin omi ẹ̀rọ, ó sì dára nígbà náà, torí irin yẹn gùn gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀ dé ojú títì. Àwọn tó tún omi ṣe lẹ́yìn náà yọ irin, wọ́n fi ike rọ́pò rẹ̀. Wáyà ẹ́ẹ̀tì ṣì wà lára irin ẹsẹ̀ méjì tó kù lára ògiri, irin tí kò kan ilẹ̀ mọ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi ri ọ̀pá kan sẹ́yìn ilé, ó fi gílóòbù dán an wò: láìfù lápá kan, ọ̀pá lápá kejì. Gílóòbù tàn, ó gbowó. Onílé sọ fún mi pé ẹ́ẹ̀tì wà, ó dára, mo sì kọ owó iṣẹ́ mi bẹ́ẹ̀.

Gílóòbù kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí mo wá wọn ọ̀pá yẹn, óòmù 410 ni. Óòmù ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà; fún ẹ́ẹ̀tì, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Gílóòbù wáàtì 60 fúnra rẹ̀ tó nǹkan bí óòmù 880 nígbà tó bá gbóná, nítorí náà ó ṣì ń rí nǹkan bí fóòtì 150 gbà láti ara irú ẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, yóò sì tàn. Ẹ wá wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí láìfù bá kan ara fíríìjì: 230 tí a pín sí 410 kò pé áńpù kan, áńpù 0.56 péré ni. Bírékà 20 kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Fíríìjì á dúró pẹ̀lú iná lára, gbogbo ohun mìíràn tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì kan náà á sì gba iná tirẹ̀. Ìdánwò gílóòbù tún ń fi iná sí ọ̀pá náà fúnra rẹ̀ nígbà tí ọmọdé lè máa ṣeré níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

RCD 30 mílíáńpù, súwíìsì tó ń já fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá ń jò, ló ń dáàbò boni nínú irú ilé yìí. Lórí ìwé, òun lè já iná kódà pẹ̀lú óòmù 1,666, torí fóòtì 50, ibi tí a kò fẹ́ kí iná ara ohun èlò kọjá, ni a pín sí áńpù 0.03. Ṣùgbọ́n BS 7671, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí púpọ̀ nínú wa kọ́ iṣẹ́ lé lórí, kìlọ̀ pé ẹ́ẹ̀tì tó bá ti kọjá óòmù 200 lè má dúró sójú kan. Oṣù Bélú ni mo ń ṣiṣẹ́, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró. Tí ó bá jẹ́ 410 nígbà tí ilẹ̀ ṣì ní ọ̀rinrin, kí ni yóò jẹ́ nínú ọyẹ́?

Mo ra ọ̀pá ojúlówó, mítà 1.2, ìnípọn mílímítà 16. Mo fi fáìlì ha orí rẹ̀ láti rí i pé bàbà tó bo irin náà nípọn, kì í ṣe ọ̀dà. A bẹ̀rẹ̀ sí í rì í. Ní sẹ̀ǹtímítà 65, ó dúró. Ọmọkùnrin tó ń lu ú sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, àpáta la bá o.” A sún mítà méjì, ó dúró ní 80. Yangí ló wà lókè, àpáta gidi ló wà lábẹ́ rẹ̀, bó sì ṣe rí ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ìlú yìí nìyẹn. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn kí n ra ọ̀pá tó nípọn jù bẹ́ẹ̀. Kò ràn mí lọ́wọ́: gígùn tó wọ ilẹ̀ ló ń dín óòmù kù, ìnípọn kò ṣe tó nǹkan. Bí mo ṣe pàdánù ọ̀pá méjì nìyẹn, torí orí wọn ti fẹ̀, wọn kò gba ìdè mọ́.

Mo wá ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe. A gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan, a tẹ́ bàbà pẹlẹbẹ ẹsẹ̀ méjì níbùú àti lóròó síbẹ̀, a da èédú àti iyọ̀ lé e, a bu omi sí i dáadáa. Mo wọ̀n ọ́n: óòmù 95. Inú mi dùn, mo dá ẹ̀rọ tí mo háyà padà, mo san àwọn òṣìṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, mo ní kí n tún un wò kí n tó kọ ìwé iṣẹ́. Ó ti di 230. Omi tí mo bù sí i ni mo wọ̀n lọ́jọ́ kìíní. Iyọ̀ ń bá omi lọ, ó sì ń jẹ bàbà bó ṣe ń lọ. Èédú lásán ń di ọ̀rinrin mú, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó dì í mú. Ibi tí mo gbẹ́ ni ibi tó ga jù nínú àgbàlá, torí pé òun ló sún mọ́ mítà jù. Àṣìṣe tó ná mi lówó jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà nìyí.

Ọ̀nà tó wá ṣiṣẹ́ kò ní àrà kankan nínú. Ní ìsàlẹ̀ àgbàlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó rọ̀. A la kòtò tóóró láti ẹ̀gbẹ́ ilé dé ibẹ̀, mítà 12, ìjìn sẹ̀ǹtímítà 70. Mo tẹ́ bàbà ìhòòhò 35mm sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì ri ọ̀pá méjì sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mítà 2.5 láàárín wọn. Méjèèjì wọlé tán. Ẹ má gbé ọ̀pá méjì sún mọ́ra ju gígùn ọ̀kan lọ, torí ilẹ̀ kan náà ni wọn yóò máa jìjà dù. Amọ̀ tí a ti sẹ́ òkúta kúrò nínú rẹ̀ ni a fi dí kòtò, a ń gún un mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń dà á. Óòmù 34. Ọjọ́ mẹ́wàá láìsí òjò, 36. Mo gbé wáyà 16mm aláwọ̀ ewé àti ìyeyè láti ìdè náà wọ DB, àpótí tí àwọn bírékà wà nínú rẹ̀, mo fi ihò kékeré onídèérí sí ibi ìdè kí ẹlòmíràn lè rí i.

Bí mo ṣe wọ̀n ọ́n nìyí, torí ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ pa iná gbogbo ilé ní orísun, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tú wáyà ẹ́ẹ̀tì kúrò lára ilé. Ẹ má ṣe tú u nígbà tí iná wà. Fún ọ̀pá kan, èèkàn irin méjì tó ń bá ẹ̀rọ náà rìn ni ẹ ó rì sílẹ̀: ẹ gbé èèkàn tó jìnnà jù sí mítà 30 sí ọ̀pá, èèkàn àárín sí 18.5. Ẹ kọ nọ́ḿbà náà sílẹ̀, kí ẹ wá sún èèkàn àárín ní mítà 3 síwájú, lẹ́yìn náà mítà 3 sẹ́yìn. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nọ́ḿbà náà jẹ́ òótọ́. Tí wọ́n bá yàtọ̀ gidi, èèkàn kò jìnnà tó. Bí bàbà bá gùn bíi tèmi, èèkàn gbọ́dọ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní láti kan ìlẹ̀kùn bàbá tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ri irin kékeré kan síwájú ilé yín fún wákàtí kan.” Wọ́n gbà.

Lẹ́yìn èyí, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo lo RCD méjì, ọ̀kan fún iná, ọ̀kan fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbàrà tí wọ́n bá tan iná pálọ̀, méjèèjì a já. Pálọ̀ ni ibì kan ṣoṣo tí onílé ní kí n má fọwọ́ kàn nítorí ọ̀dà tuntun. Iná ibẹ̀ gba láìfù láti ìlà iná, ó yá níútírà láti ìlà sọ́kẹ́ẹ̀tì. RCD ń ka ohun tó jáde àti ohun tó padà. Bí ohun tó jáde lára ọ̀kan bá gba ara èkejì padà, méjèèjì a já. Mo tú gbogbo níútírà kúrò ní DB, mo fi megger wọ̀n wọ́n ní méjì méjì láìsí gílóòbù lójú iná, méjì sì wà tó so pọ̀. Ọjọ́ kan àbọ̀ lọ síbẹ̀, ọ̀dà náà sì bàjẹ́ níkẹyìn. Tí onílé bá ní kí ẹ fi yàrá kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé RCD kò ní gbà.

Bírékà àbáwọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń já láìfù àti níútírà pọ̀, nítorí wáyà tí wọ́n ń gbé yípo lórí òpó. Súwíìsì tó ń pààrọ̀ iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ já méjèèjì, kí iná jẹnẹrétọ̀ má baà gba ẹnu wáyà jáde lọ bá ẹni tó wà lórí òpó. Níútírà ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré kò sì so mọ́ ibì kankan, nítorí náà RCD kò ní rí jíjò iná tí ilé bá wà lórí rẹ̀. Mo so níútírà mọ́ ara jẹnẹrétọ̀, mo sì gbé ara rẹ̀ lọ sí ẹ́ẹ̀tì.

NEMSA ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ iná, tó sì ń fún àwa oníṣẹ́ iná ní ìwé-ẹ̀rí. Ẹ kọ gbogbo nọ́ḿbà yín sílẹ̀ fún irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀: óòmù ẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, mẹ́gáóòmù ìlà kọ̀ọ̀kan, àti iye àkókò tí RCD fi já, tí kò gbọdọ̀ kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 300 ní 30 mílíáńpù. Tèmi já ní 24.

Mo fi ọ̀dà kọ 34 àti ọjọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìdérí ihò náà. Mo ti bá onílé ṣàdéhùn pé màá padà wá wọ̀n ọ́n ní oṣù Èrèlé, nígbà tí ọyẹ́ bá ti gbẹ ilẹ̀ tán. Tí ó bá kọjá 100, ààyè ọ̀pá kẹta ṣì wà ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.